Àpótí Ìbò Tó Sùn Nílé Àna

Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ojo ni ọkọ mi. Pheto bẹ̀rù ajá, ó bẹ̀rù ààrá, ó bẹ̀rù odò tí kò mu ni dé orúnkún. Bí ejò bá gba àgbàlá wa kọjá, èmi ni mo máa ń mú igi. Òun á ti gun orí àga, á ní òun kàn ń wò ó bóyá èkejì rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi í ṣẹ̀sín títí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kó màlúù ọkùnrin yìí lọ, kó ṣáà ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà kò ní máa lu ìyàwó, mi ò sì rò ó tì.

Akódà ni ní ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tí ìjọba fi ṣe olórí àgbègbè wa. Lórí ìbaaka ló ti máa ń gbé lẹ́tà lọ sí oko àwọn òyìnbó tó wà lẹ́bàá odò Limpopo, tí yóò sì gba èsì bọ̀. Ó ṣe é fún ọdún mọ́kànlá, kò sọ lẹ́tà kan nù rí. Ẹ̀rù ló jẹ́ kó mọ iṣẹ́ náà ṣe. Tó bá sùn sọ́nà, á so okùn àpò lẹ́tà mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń gbàgbé tú u nílé, tí á bá mi jókòó jẹun pẹ̀lú àpò lọ́wọ́.

Nígbà náà, àwọn òyìnbó tó ń gbé lórí ilẹ̀ wa ní ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n fi ń gba ìjọba nímọ̀ràn. Àwọn nìkan ló ń dìbò sí i. Àwa tí a ni ilẹ̀, wọn ò bi wá léèrè, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wa gan-an ni wọ́n máa ń lọ sọ níbẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ènìyàn méjì ló ń du ipò láti apá ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan ni òyìnbó tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ibùdó rélùwéè. Èkejì ni Fan Tonder, ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó àgbẹ̀ tí à ń pè ní Búrù, tí oko rẹ̀ bá Dithojane, ìlú bàbá mi, pààlà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Fan Tonder jẹ́ aládùúgbò yín. Ó fẹ́ kí wọ́n so ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ ti àwọn Búrù tó wà ní gúúsù, níbi tí aláwọ̀ dúdú kì í ti í rìn láìní ìwé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kó tó di ìyẹn, ó fẹ́ etí odò tí àwọn ènìyàn wa ti ń ro oko ọkà bàbà, tí màlúù wọn ti ń mu omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n kó Dithojane kúrò. Ní ìgbà òtútù ọdún yẹn ni Ajẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ pe bàbá mi, Ranko, tó jẹ́ baálẹ̀ ìlú náà.

Ó ní, “Ranko, ìwé tí yóò kó yín kúrò ti wà nínú tábìlì mi. Mi ò fẹ́ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún gbọ́ pé ìlú rẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀ràn àwọn òyìnbó, màá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an.”

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù. Ó ti fi ọ̀kọ̀ pa kìnnìún rí. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, tó bá ti gbọ́ ìró mọ́tò, á gbé oúnjẹ tó ń jẹ sílẹ̀, á dìde dúró, á sì máa wo ọ̀nà.

Nínú ṣọ́ọ̀bù kan láàrin àwọn oko yẹn ni wọ́n ti dìbò. Àpótí pákó ni wọ́n ń ju ìwé ìbò sí. Wọ́n fi àgádágodo tì í, wọ́n sì yọ́ èdìdì pupa lé orí àgádágodo náà. Nígbà tí wọ́n parí, ibà ti da òyìnbó tó bójú tó o dùbúlẹ̀, kò lè gun ẹṣin. Ló bá gbé àpótí fún ọkọ mi pé kó gbé e lọ fún Ajẹ́lẹ̀. Ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé e wọ ìlú kankan, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Pheto ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá,” tó ìgbà mẹ́wàá. Ó so ó mọ́ ìbaaka, ó tún so okùn kan láti ara rẹ̀ mọ́ ìbàdí ara rẹ̀.

Òjò dé lọ́nà. Gbogbo ìgbà tí a fi ń tọrọ òjò, kò wá o, ọjọ́ yẹn ló rí wá. Odò kékeré tó wà níwájú Dithojane kún dé bèbè, igi odidi ń bá omi lọ. Kò sí bí ọkọ mi ṣe fẹ́ sọdá, ìhà ibi tó wà náà sì ni ìlú wà. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, ó ń wo èéfín tó ń jáde láti ilé bàbá mi, ibẹ̀ kò jìn ju ibi tí ènìyàn lè pariwo kí wọ́n gbọ́.

Ẹni tí kò mọ̀ wá lè ní kó sùn sábẹ́ igi. Hẹn, àna ni! Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó gbé ọmọ níyàwó kì í gba ẹ̀bá ìlú àwọn àna rẹ̀ kọjá láìyà kí wọn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti bú àwọn àgbà, ó sì ti sọ fún ayé pé òun ti kọ ọmọ wọn. Wọ́n lè ránṣẹ́ wá mú ìyàwó lọ lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń pọn omi sì ti rí i, wọ́n ti ń ké pé, “Ọkọ ẹ̀gbọ́n wa ti dé!” Ó rò ó títí. Ó bẹ̀rù òyìnbó, ó sì bẹ̀rù àna, ẹ̀rù àna ló borí. Ó gbé àpótí wọ ìlú.

Àlejò tó bá sì gbé ẹrù wọ ìlú wa, kgotla ló máa ń gbé e lọ kọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ojúde tí àwọn ọkùnrin ti ń jókòó gbọ́ ẹjọ́. Ohun tó bá ń bẹ̀rù ojú àwọn ènìyàn kì í wọ ìlú. Ó gbé àpótí kalẹ̀ níwájú bàbá mi àti bí ogójì ọkùnrin, omi ń kán lára rẹ̀.

Bàbá mi ní, “Ẹ kú òjò o, àna mi. Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Ohùn àwọn òyìnbó ni, Bàbá. Ohùn tí wọ́n fi yan ẹni tí yóò máa bá ìjọba sọ̀rọ̀.”

“Ohùn? Nínú àpótí?”

“Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ni, Bàbá. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ẹnì kejì sọ.”

Bàbá Mosimane, tó dàgbà jù nínú wọn, bú sẹ́rìn-ín. “Ọkùnrin tó tó ọkùnrin, kó má lè dìde kó sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀? Àjẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣí i. Ẹ jẹ́ ká mọ àwọn tó fẹ́ Fan Tonder, ká mọ ẹni tó fẹ́ kó wa dà nù.” Àwọn mìíràn ní òótọ́ ló sọ. Ọkọ mi wólẹ̀, ó fi ara bo àpótí.

Bàbá mi na ọ̀pá rẹ̀ sí wọn. “Ẹ jókòó! Bí àlejò ṣe gbé ẹrù wọlé ni yóò ṣe gbé e jáde. Ẹ̀yin ogójì, ẹ wá wò ó, kí ojú gbogbo yín rí èdìdì pupa yìí, kó má di ọ̀rọ̀ lọ́la.” Wọ́n tò wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún tò wò ó. Kò sí ohun tó ṣe èdìdì.

Omi ti fà láàárọ̀. Pheto ń sọdá, ẹsẹ̀ ìbaaka yọ̀ lórí àpáta, àpótí já bọ́, ó fi etí lu òkúta, èdìdì fọ́ yángá. Ọkọ mi tó ń bẹ̀rù odò bẹ́ sínú odò, ó fi okùn ìbàdí rẹ̀ fà á jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ Ajẹ́lẹ̀, pẹ̀lú èdìdì fífọ́.

Wọ́n ka ìbò náà. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló dìbò, ìwé ọgbọ̀n ni wọ́n bá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Fan Tonder, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọlọ́ṣọ́ọ̀bù. Títí di òní, mo gbà pé òyìnbó arúgbó kan ló gbé tirẹ̀ lọ sílé nínú àpò ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi? Fan Tonder bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ó ní aláwọ̀ dúdú ti jí ìbò òun, kí wọ́n wá ibi tí àpótí sùn. Wọ́n ti ọkọ mi mọ́lé.

Mo gbé ọkà sísè àti wàrà kíkan lọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Kò lè jẹ ẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lójú ihò ilẹ̀kùn, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.

Mo ní, “Ọlọ́run ṣeun! Ogójì ènìyàn rí i. Màá ránṣẹ́ sí bàbá mi nísinsìnyí.”

“Ìyá Seipone, o ò gbọdọ̀ dán an wò.”

“Èwo ni mi ò gbọdọ̀ dán wò? Orí rẹ pé?”

“Ìwé wà nínú tábìlì Ajẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àpótí àwọn òyìnbó sùn ní Dithojane, á fọwọ́ sí i. Mo ti sọ fún wọn pé abẹ́ igi ni mo sùn, èmi nìkan.”

“Ṣé ìwọ tí o kì í lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bóo bá sọ ọ́, èmi pẹ̀lú rẹ parí nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí o, má jẹ́ kó bà mí méjì.”

Mo bú u. Mo pè é ní ọ̀dẹ̀, mo ní ta ló rán an, mo ní Seipone àti àbúrò rẹ̀ kò ní jẹ igi. Nígbà tí mo bú u tán, mo sunkún, mo sì búra fún un. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Ajẹ́lẹ̀ jókòó, Fan Tonder jókòó, àwa tó kù dúró. Ògbufọ̀ ni Tiro. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Tiro, nítorí òun ni mo bẹ̀rù jù níbẹ̀. Ó ti wá tọrọ mi rí. Bàbá mi ló kọ̀ ọ́, ó ní agbéraga ni, ó sì fún ojo ọkùnrin kan lọ́mọ. Láti ìgbà yẹn, bó bá rí Pheto, ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ọkọ ìyàwó, ṣé ajá kò tíì jẹ ọ́?” Kò sì bá mi rẹ́rìn-ín mọ́.

Pheto sọ tirẹ̀: odò kún, òun sùn sábẹ́ igi, òun kò rí ẹnikẹ́ni. Fan Tonder dìde fùú. “Ìlú bàbá ìyàwó rẹ̀ ló wà létí odò yẹn! Ẹ bi í bí kò bá sùn níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ṣí àpótí!”

Ajẹ́lẹ̀ wojú ọkọ mi. “Ṣé o wọ Dithojane?”

“Rárá, ọ̀gá. Mi ò yà níbẹ̀.”

Kò sí aláwọ̀ dúdú kan nínú yàrá náà tí kò mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn ọlọ́pàá mọ̀. Ẹni tó ń gbá ilẹ̀ mọ̀. Ọkùnrin kan, nínú òjò, kó rí èéfín ilé àna rẹ̀ kó má yà? Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọlọ́pàá kan bojú wolẹ̀. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó láti tú gbogbo rẹ̀ síta, Tiro ló sì sún mọ́ etí òyìnbó jù.

Ajẹ́lẹ̀ gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo gbọdọ̀ sọ ọ́. Ó ní, “Ẹ gbọ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá rí àpótí yìí lálẹ́ ọjọ́ náà tàbí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó rí i pé èdìdì rẹ̀ kò fọ́, kó sọ ọ́ báyìí. Màá tú ọkùnrin yìí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó rí i, màá gbà pé òun ló ṣí i.”

Ogójì ènìyàn! Orúkọ wọn kún ẹnu mi bí omi gbígbóná. Mo wo ọkọ mi, ó ń wò mí, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ kọjú sí Tiro. “Ìwọ mọ àwọn ènìyàn rẹ. Ṣé ó ṣeé gbà gbọ́ pé kó sùn sínú òjò, kó má lọ sí ilé bàbá ìyàwó rẹ̀?”

Tiro wo Pheto láti òkè dé ilẹ̀, ó wo èmi náà. Mò ń sọ nínú ọkàn mi pé: ó tán, Dithojane ti tú. Mo rí ìyá mi tó ń di ẹrù, mo rí àwọn màlúù wa tí wọ́n ń dà lọ sínú yanrìn níbi tí kò sí omi.

Tiro ní, “Ó ṣeé gbà gbọ́, ọ̀gá. Àwọn ọkùnrin wa kan wà tí wọn kò fẹ́ràn ilé àna.”

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò tún wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Mi ò tíì mí tán tí Ajẹ́lẹ̀ fi nàka sí mi. “Ìwọ ńkọ́? Ọmọ Ranko ni ọ́. Ṣé ọkọ rẹ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ lọ́jọ́ náà?”

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Èmi kò fi owó ra tèmi. Mo ní, “Kò lọ, ọ̀gá. Bàbá mi ṣì ń bínú sí i títí di òní pé kò yà kí àwọn.”

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí. Èmi ni mo fi kún un kí irọ́ náà lè dúró dáadáa. Ajẹ́lẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí Pheto lọ ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rìndínlógún, iṣẹ́ fífọ́ òkúta. Wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ akódà lọ́rùn rẹ̀ níbẹ̀, lójú mi.

Bàbá mi gbọ́, ó gbé ọ̀pá, ó wọ bàtà, ó ní òun ń lọ bá Ajẹ́lẹ̀, a kì í sẹ́ ẹni tó sùn sínú ilé ẹni. Èmi ni mo dojúbolẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọjá. Ó ti sanwó rẹ̀. Ẹ fẹ́ kó san án, kí ilẹ̀ náà tún bọ́?” Ó dúró títí oòrùn fi kan orí wa. Ó padà wọlé, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀.

Àwọn òyìnbó tún ìbò wọn dì. Fan Tonder wọlé. Ó tún kọ̀wé nípa Dithojane, ẹ̀ẹ̀kẹrin, Ajẹ́lẹ̀ ní òun kò rí ẹ̀sùn kankan sí wọn. Lóṣooṣù ni mò ń bẹ̀rù pé ẹnì kan nínú ogójì yóò mutí yó, yóò sì sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Àwọn ènìyàn wa kórè ọkà bàbà létí odò náà, wọ́n ń gbé tiwa wá fún èmi àti àwọn ọmọ, wọn kì í sọ ohun tó fà á.

Pheto jáde pẹ̀lú ikọ́ àti ìka méjì tí kò ká mọ́. Kò rí iṣẹ́ ìjọba ṣe mọ́, ewúrẹ́ ló ń sìn. Ajá ṣì ń lé e. Kò sọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà rárá, àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà.

Ó ní, “Ìyá Seipone, nígbà tí Ajẹ́lẹ̀ nàka sí ọ, ṣé ẹ̀rù bà ọ́?”

“Ó bà mí gan-an.”

“Ìwọ tí ò ń pa ejò? Kí lò ń bẹ̀rù?”

Mo ní, “Mò ń bẹ̀rù pé màá sọ òtítọ́, màá sì gbà ọ́ là.”

Ó tún fi àwọn ìka rẹ̀ tó ṣì ń ká ṣa ẹ̀wà lọ.